Bí a ṣe ń yọ ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ lábẹ́ mótò ọkọ̀ ojú omi láìba nǹkan jẹ́

Ọ̀rọ̀ yìí wà fún ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́ wa ní Kaboua, ní Bèssè, ní Ofè, ní Sakin àti ní gbogbo abúlé Ṣábẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá máa ka ọ̀rọ̀ yìí fún ẹgbẹ́, kó rọra kà á, kó sì dúró níbi tí a bá ti béèrè nǹkan, kí àwọn èèyàn dáhùn kó tó máa lọ.

Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àárín odò méjì la wà. Odò Ọ̀pàrà wà lápá ìlà-oòrùn wa, òun ló sì jẹ́ ààlà wa pẹ̀lú Nàìjíríà níbi púpọ̀. Odò Wẹ̀mẹ̀ wà lápá ìwọ̀-oòrùn, òun lẹ máa ń ré kọjá lórí afárá bí ẹ bá ń bọ̀ láti Glazoué. Wẹ̀mẹ̀ yìí ti Atakora wá, ó rin nǹkan bíi kìlómítà 500 kó tó wọ inú ọ̀sà Nokoué lẹ́bàá Kútọnu. Láti oṣù kẹjọ títí dé oṣù kẹwàá, omi máa ń kún. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ rántí omíyalé ọdún 2010 ò nílò kí n ṣàlàyé ohun tí omi lè ṣe.

Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe fàájì. Òun ló ń gbé iṣu àti sójà wá sọ́jà, òun ló ń gbé aboyún lọ síbi tí agbẹ̀bí wà. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń wakọ̀ lódò, bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ àwọn ará Ganvié àti Aguégués nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ti ń so mótò kékeré mọ́ ìdí ọkọ̀. Mótò yìí dára. Ṣùgbọ́n ó ní ibì kan lábẹ́ omi tí ojú wa kì í tó, ibẹ̀ ni wàhálà sì ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Ibẹ̀ la fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí lónìí: ọ̀pá tó gbé abẹ̀bẹ̀ dání.

KÍ NI Ọ̀PÁ YÌÍ Ń ṢE?

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ orúkọ àwọn nǹkan. Abẹ̀bẹ̀ ni ohun oníwé mẹ́ta tó ń yí nínú omi, tí àwọn mẹ́káníìkì wa ń pè ní élíìsì. Ẹsẹ̀ mótò ni apá ìsàlẹ̀ tó máa ń wà lábẹ́ omi. Nínú ẹsẹ̀ yìí, ọ̀pá gígùn kan ti òkè wá, ó dúró ṣánṣán. Ọ̀pá kejì dùbúlẹ̀, òun ló gbé abẹ̀bẹ̀. Kẹ̀kẹ́ eléyín mẹ́ta ló so ọ̀pá méjèèjì pọ̀: ọ̀kan wà nídìí ọ̀pá òkè, ọ̀kan wà fún síwájú, ọ̀kan wà fún sẹ́yìn. Bí ẹ bá fa jíà, irin kan lórí ọ̀pá abẹ̀bẹ̀ á lọ kọ́ ẹyọ kan nínú kẹ̀kẹ́ méjì tó gbẹ̀yìn yìí, ọkọ̀ á sì gbéra.

Inú òróró ni gbogbo wọn ń gbé. Ohun tó ń dá omi dúró kó má wọlé, tó sì ń dá òróró dúró kó má jáde, ni rọ́bà kékeré kan tó yí ọ̀pá náà ká. Jọ́ọ̀ǹ làwọn mẹ́káníìkì ń pè é. Ẹ fi í sọ́kàn dáadáa, nítorí rọ́bà kékeré yìí ló máa ń ba mótò ńlá jẹ́.

Kì í ṣe ohun tuntun. Ní ọdún 1909 ni Ole Evinrude, ọmọ Nọ́wè tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, dá ilé iṣẹ́ mótò ìdí ọkọ̀ sílẹ̀. Ní ọdún 1960 ni Yamaha ti Jàpáàn gbé tirẹ̀ àkọ́kọ́ jáde, irú èyí tí wọ́n kọ Enduro sí lára ló sì pọ̀ jù lódò wa ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Láti ìgbà yẹn títí dòní, bí ọ̀pá ìsàlẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Ẹni tó bá mọ ọ̀kan, ìyókù ò ní ṣàjèjì sí i.

ÀMÌ WO NI A Ó FI MỌ̀ PÉ Ó YẸ KÁ YỌ Ọ́?

Ẹ dúró díẹ̀, kí àwọn tó ní ọkọ̀ láàárín yín sọ ohun tí wọ́n ti rí rí. Lẹ́yìn náà kí ẹ wá fi wé èyí:

Àkọ́kọ́, òróró ìsàlẹ̀ di funfun bí ọ̀gì. Omi ti wọlé nìyẹn. Òróró tí omi bá ti dà pọ̀ mọ́ kò lè dáàbò bo irin mọ́, ìpẹtà á wọ eyín àti rúlúmáà, ìyẹn òrùka tí ọ̀pá ń yí nínú rẹ̀.

Ìkejì, abẹ̀bẹ̀ ń mì bó ṣe ń yí. Ẹ yọ wáyà búgíì kúrò, ẹ fi jíà sí àárín, ẹ gbé igi kan dúró sẹ́bàá etí abẹ̀bẹ̀, kí ẹ wá fi ọwọ́ yí i. Bí ewé kan bá ń kan igi tí èkejì sì jìnnà sí i, ó lè jẹ́ ewé ló tẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọ̀pá ló tẹ̀. Ẹ wo ìdí ọ̀pá gan-an bó ṣe ń yí. Bí ọ̀pá fúnra rẹ̀ bá ń jó, òun ni. Òkúta àti kùkùté igi tó wà lábẹ́ omi ló sábà máa ń fà á.

Ìkẹta, òkùn nailọn ti wé mọ́ ìdí abẹ̀bẹ̀. Odò wa kún fún àwọ̀n ẹja. Òkùn yẹn á rọra wọ ẹ̀yìn abẹ̀bẹ̀, á wé títí, á sì gé jọ́ọ̀ǹ. Mótò á ṣì máa ṣiṣẹ́, ẹ ò ní mọ̀, omi á máa wọlé díẹ̀díẹ̀.

Ìkẹrin, mótò ń pariwo bí ẹni ń lọ ọkà, ọkọ̀ ò sì kúrò lójú kan. Èyí lè jẹ́ rọ́bà àárín abẹ̀bẹ̀ ló tú, ó sì lè jẹ́ eyín inú ló ti jẹ. Lórí àwọn mótò tó kéré gan-an, ó lè jẹ́ irin kékeré tí wọ́n ṣe kó máa ṣẹ́ ló ṣẹ́, kí abẹ̀bẹ̀ má baà ba ohun ńlá jẹ́. Ẹ yẹ èyí wò kí ẹ tó tú ohunkóhun.

KÍ Ẹ TÓ FỌWỌ́ KÀN ÁN

Ẹ gbé mótò kúrò lórí ọkọ̀, ẹ gbé e kọ́ sórí igi tó lágbára, níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Ẹ yọ wáyà búgíì, ohun tí àwọn ará Nàìjíríà ń pè ní pọ́lọ́ọ̀gì. Ẹ má fojú kéré èyí o. Bí ẹ bá yí abẹ̀bẹ̀ tí jíà wà níwájú, mótò lè ta lójijì, ìka ni yóò sì fi ṣe oúnjẹ. Ẹ yọ tùbù ẹ̀sáǹsì, ẹ gbé bídọ́ọ̀nù rẹ̀ jìnnà. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá, kí iná ìdáná má wà nítòsí.

Ẹ tẹ́ aṣọ funfun sílẹ̀. Ẹ wá abọ́ méjì, kíléè tó bá orí bóòtù mu rẹ́gí, ẹmú, igi, àti fóònù tó ń ya fọ́tò. Ohun tẹ́ ẹ bá yọ, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ tò ó sórí aṣọ bó ṣe jáde, láti ọwọ́ òsì lọ sí ọwọ́ ọ̀tún. Ẹni tó bá tò ó báyìí ò ní máa béèrè lọ́la pé, "Èyí ńkọ́, ibo ló ti wá?"

IṢẸ́ GAN-AN, NÍ ÌPELE ÌPELE

1. Ẹ da òróró. Fíìsì méjì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mótò, ọ̀kan nísàlẹ̀, ọ̀kan lókè. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́, ẹ tú ti ìsàlẹ̀, kí ẹ wá tú ti òkè kí atẹ́gùn lè wọlé. Ẹ wo òróró náà dáadáa. Bí ìyẹ̀fun irin díẹ̀ bá wà nínú rẹ̀, kò burú. Bí èérún irin tó tó ìgé abẹ́rẹ́ bá wà nínú rẹ̀, eyín kan ti fọ́, iṣẹ́ yín ti kúrò ní ti ọ̀pá nìkan.

2. Ẹ yọ abẹ̀bẹ̀. Nídìí rẹ̀ ni ìṣó tẹ́ẹ́rẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ méjì wà, tí wọ́n ń pè ní gúpíì. Ẹ fi ẹmú na ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ fà á yọ, ẹ sọ ọ́ nù, nítorí tuntun lẹ máa fi sí i. Ẹ ki igi sí àárín ewé abẹ̀bẹ̀ àti irin pẹrẹsẹ tó wà lókè rẹ̀, kó má baà yí, kí ẹ wá tú nọ́ọ̀tì. Ẹ fa abẹ̀bẹ̀ sẹ́yìn. Àwọn òrùka pẹlẹbẹ wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀, ìpò wọn ṣe pàtàkì. Bí òkùn nailọn bá wà níbẹ̀, ẹ gé e, ẹ yọ gbogbo rẹ̀.

3. Ẹ tú bóòtù ìdérí. Ẹ óò rí ìdérí róbótó kan tí ọ̀pá gba àárín rẹ̀ jáde. Lórí ọ̀pọ̀ mótò kékeré, bóòtù méjì ló dè é mọ́ ẹsẹ̀ mótò. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ iyẹ̀pẹ̀ kúrò. Bí bóòtù bá le, ẹ kán òróró tó ń tú ìpẹtà sí i, ẹ fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Bí ẹ bá padà dé, ẹ tú u díẹ̀, ẹ dì í padà díẹ̀, ẹ tún tú u. Bóòtù tí a bá fi ìbínú tú, orí rẹ̀ máa ń já.

4. Ẹ fa ìdérí jáde. Ibí ni mo fẹ́ kí gbogbo yín gbọ́ dáadáa. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Ìdérí yìí máa ń gan mọ́ inú ẹsẹ̀ mótò, pàápàá mótò tó ti ṣiṣẹ́ lómi iyọ̀ lápá Kútọnu kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹlòmíràn á gbé òòlù, á bẹ̀rẹ̀ sí í na ọ̀pá. Ẹsẹ̀ mótò kì í ṣe irin líle, ó jọ irin ìkòkò alumíní tẹ́ ẹ fi ń se ìrẹsì. Bó bá fọ́, kò sí jọ́ọ̀ǹ tó lè tún un ṣe, owó rẹ̀ á sì ju owó gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ.

Ohun tẹ́ ẹ máa ṣe nìyí. Ẹ da omi gbígbóná sí ara ẹsẹ̀ mótò lóde, yí ìdérí náà ká. Ara ẹsẹ̀ á fẹ̀ díẹ̀. Ẹ má fi iná sí i. Ẹ gbé igi lé etí ìdérí, ẹ rọra fi òòlù kan igi náà, kí ìdérí yí díẹ̀ sí ọ̀tún, kó tún yí díẹ̀ sí òsì. Bó bá ti yí báyìí, ìpẹtà ti já nìyẹn. Kí ẹ wá fi irin méjì gbé e láti ẹ̀gbẹ́ méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà, díẹ̀díẹ̀, tàbí kí ẹ yá irin ìfàyọ lọ́dọ̀ mẹ́káníìkì tó ní in. Bó bá kọ̀, ẹ tún da omi gbígbóná. Bó bá kọ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ẹ gbé e lọ sí gáráàjì. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

5. Ẹ fa ọ̀pá. Bí ìdérí bá ti jáde, ọ̀pá àti kẹ̀kẹ́ eléyín ti ẹ̀yìn á bá a jáde. Ẹ mú un dání kó dùbúlẹ̀ gbọọrọ, ẹ má dorí rẹ̀ kọ ilẹ̀, nítorí irin kékeré kan wà ní ìpẹ̀kun rẹ̀ níwájú tó lè já bọ́. Ẹ gbé abọ́ sábẹ́. Àwọn òrùka fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó wà níbẹ̀, ẹ kà wọ́n, kí ẹ sì kọ iye wọn sílẹ̀. Òrùka kan tó bá sọnù lè mú kí eyín má bá ara wọn mu mọ́.

KÍ LẸ MÁA WÒ LÁRA Ọ̀PÁ?

Ẹ nù ún mọ́. Ẹ yí i lórí gíláàsì tàbí tábìlì tó tẹ́jú. Bó bá ń jó, ó ti tẹ̀. Ẹ má gbé e fún alágbẹ̀dẹ kó nà á, nítorí ọ̀pá tí wọ́n nà kì í sábà tọ́ pátápátá, á sì tún gé jọ́ọ̀ǹ tuntun. Lẹ́yìn náà, ẹ fi èékánná fa ibi tí jọ́ọ̀ǹ máa ń jókòó. Bí èékánná yín bá há sínú kòtò níbẹ̀, jọ́ọ̀ǹ tuntun ò ní dá omi dúró. Ẹ yí rúlúmáà lọ́wọ́. Bó bá ń há tàbí tó ń dún, ẹ pààrọ̀ rẹ̀.

Bí ọ̀pá bá tọ́ tí eyín sì pé, jọ́ọ̀ǹ nìkan lẹ máa pààrọ̀. Kí ẹ tó yọ ti àtijọ́, ẹ wo ibi tí ètè rẹ̀ kọjú sí, ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ó sábà máa ń jẹ́ méjì, bí wọ́n bá sì kọ̀yìn síra, báyìí náà ni kí tuntun wà. Ẹ fi gíríìsì pa ètè rẹ̀, kí ẹ tún fi gíríìsì pa ara ìdérí kí ẹ tó dá a padà, kó má baà gan lọ́dún tó ń bọ̀. Rọ́bà róbótó tó yí ìdérí ká náà, ẹ fi tuntun sí i.

Bí ẹ bá ti dá gbogbo rẹ̀ padà, ẹ ti òróró wọlé láti ihò ìsàlẹ̀, kó máa gòkè títí yóò fi jáde ní ihò òkè. Òróró jíà ni o, irú 90, kì í ṣe òróró mótò. Ẹ kọ́kọ́ dí ihò òkè, kí ẹ tó dí ti ìsàlẹ̀. Ẹ fi gúpíì tuntun sí i. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan lójú omi, ẹ tún tú fíìsì ìsàlẹ̀ díẹ̀ kí ẹ wo àwọ̀ òróró. Bí kò bá funfun, ẹ ti borí.

Ọ̀RỌ̀ ỌJÀ

Bí ẹ bá ń lọ ra jọ́ọ̀ǹ, yálà ní Tokpa ní Kútọnu tàbí ní apá Nàìjíríà, ẹ mú ti àtijọ́ lọ́wọ́. Nọ́ńbà mẹ́ta máa ń wà lára rẹ̀: fífẹ̀ inú, fífẹ̀ òde, àti sísanra rẹ̀, pẹ̀lú ìwọ̀n mìlímítà. Bí ẹ bá rí 17, 30 àti 6, ẹ má gba 17, 30 àti 7 nítorí pé ontàjà ní "ọ̀kan náà ni." Kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ kọ nọ́ńbà mótò yín náà sórí ìwé.

Bí ẹ bá sì ń ra mótò àlòkù, kí ẹ tó kówó sílẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á tú fíìsì òróró lójú yín. Ẹni tí mótò rẹ̀ dára kì í bẹ̀rù fíìsì kan. Bí òróró bá funfun, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ yín wà nínú àpò.

Ẹ̀yin ìyá ọlọ́jà tẹ́ ẹ kàn ń wọkọ̀, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti béèrè lọ́wọ́ awakọ̀: "Ọmọ mi, nígbà wo lo yẹ òróró ìsàlẹ̀ wò? Àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀? Ẹ̀wù àléfòó wà?" Mótò kì í sọ fúnni kó tó dákẹ́. Ọkọ̀ tí ò ní àjẹ̀ tí mótò rẹ̀ dákẹ́ láàárín Wẹ̀mẹ̀ tó kún, omi ló máa pinnu ibi tí yóò gúnlẹ̀.

Ọ̀RỌ̀ ÌLERA

Òróró tẹ́ ẹ dà jáde, ẹ má dà á sódò. Odò yẹn la ń mu, inú rẹ̀ la ti ń pẹja. Ẹ kó o sínú bídọ́ọ̀nù, ẹ gbé e lọ sí gáráàjì. Ẹ má fi pa egbò, ẹ má fi ẹ̀sáǹsì fọ ọwọ́. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́.

Ẹ̀sáǹsì nínú ìgò ohun mímu, ìkà ni fún ọmọdé. Bí ọmọ bá ṣèèṣì mu ún, ẹ má fún un lépo, ẹ má fún un ní wàrà, ẹ má fi ìka sí i lọ́fun kó lè bì. Bó bá ń bì í, ẹ̀sáǹsì lè wọ ẹ̀dọ̀fóró. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ kíákíá.

Bí abẹ̀bẹ̀ bá gé ẹnikẹ́ni, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ ojú ọgbẹ́ náà gbọn-in, ẹ gbé apá tàbí ẹsẹ̀ náà sókè, ẹ má sì máa ṣí aṣọ wò léraléra. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn, kí ẹ béèrè abẹ́rẹ́ àrùn ipá, kódà bí ọgbẹ́ náà bá kéré.

FÚN ẸGBẸ́ LÁTI SỌ̀RỌ̀ LÉ LÓRÍ

Lẹ́yìn tẹ́ ẹ bá ti ka èyí tán, ẹ jọ dáhùn: Ta ló ní mótò ní abúlé wa, nígbà wo ló sì yẹ òróró ìsàlẹ̀ wò kẹ́yìn? Ṣé a lè dá owó jọ ra irin ìfàyọ kan tí gbogbo ọlọ́kọ̀ á jọ máa lò? Níbo ni a ó máa kó òróró àlòkù sí? Ta ni ó máa rí i pé àjẹ̀ wà nínú ọkọ̀ kó tó kúrò létí odò?

Ẹ kọ ìdáhùn yín sílẹ̀, kí ẹ fi rán ẹni tó bá ń bọ̀ wá sọ́jà Ṣábẹ̀ẹ́, a ó kà á lórí afẹ́fẹ́. Oṣù ẹ̀ẹ̀rùn ló dára jù láti ṣe iṣẹ́ yìí, nígbà tí odò ti fà tí ọkọ̀ sì wà lórí ilẹ̀. Ẹni tó bá da omi síwájú, á tẹ ilẹ̀ tútù.